Káàdì Tí Tawheed Gàrúbà Kò Rí Fọwọ́ Sí

Tawheed Gàrúbà kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àpòmù. Kí àsìkò ìrun Ásárì tó tó, a ti sin ín sí Ìkirè, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun gbé nǹkan méjì jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àkọ́kọ́ ni fọ́tò Tawheed, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé àwọn pàdánù akọni. Èkejì ni èsì ìdíje tó kẹ́yìn ọdún. Níwájú orúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni: “A yọ ọ́. Kò fọwọ́ sí káàdì.”

Wọ́n fi ọwọ́ kan nu omijé, wọ́n fi ọwọ́ kejì pa orúkọ rẹ́.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń lọ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ kì í kàn dìde nílé kó lọ forúkọ sílẹ̀. Ìdánwò kan wà, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tó ń wá máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún. Ogún péré ni wọ́n ń mú. Bó o bá sì wọlé, ọdún kan ni wọ́n fún ọ. Tí ọdún bá parí, wọ́n á to gbogbo yín sórí àtẹ bí ẹ ṣe ṣe sí nínú àwọn ìdíje. Àádọ́ta àkọ́kọ́ á dúró. Ẹni tó bá ṣe ipò kọkànléláàádọ́ta, kó padà lọ jókòó ìdánwò pẹ̀lú àwọn tí kò tíì wọlé rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tawheed já kulẹ̀ nínú ìdánwò yẹn. Bàbá Sùlè, àbúrò bàbá rẹ̀, máa ń sọ fún un pé, “Igi tó o mú dání yẹn, ká ní àdá ni, à bá ti ro oko kòkó yìí tán.”

“Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Tí mo bá wọlé, màá ra katakata fún yín.”

“Ìwọ kọ́kọ́ ra katakata ná. Wàá wọlé tó bá yá.”

Orí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń sá kòkó sí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra ti bọ́ọ̀lù sí ihò. Tí wọ́n bá ti kó kòkó kúrò, á fi ṣọ́ọ̀kì ya roboto kékeré kan sílẹ̀, á máa yí bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í ṣàánú èèyàn. Bó o bá fi agbára díẹ̀ lé e, inú gọ́tà ni wàá ti lọ he bọ́ọ̀lù rẹ. Ibẹ̀ ló ti rí ọwọ́ rírọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà kẹrin, ó wọlé. Ọdún méjì gbáko ló sì fi wà láàárín àádọ́ta yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Bọ̀ọ̀dá Tawheed ni mo ń pè é. Nígbà tí mo dé láti òkè òkun, tí Yorùbá ń já mọ́ mi lẹ́nu, òun nìkan ni kò fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ki Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, á ní, “Mi ò gbọ́. Tún un sọ.” Á dúró síbẹ̀, á fara ti igi gọ́ọ̀fù rẹ̀, títí màá fi wá ọ̀rọ̀ náà rí. Ó mọ bí a ṣe ń dúró de èèyàn.

Lọ́dún kẹta, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní kó sinmi fún oṣù mẹ́fà. Òfin ìdíje náà fúnra rẹ̀ sọ pé aláìsàn lè kọ̀wé, kí wọ́n bá a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Tawheed kọ̀wé ní oṣù Kẹfà. Wọ́n ní kó lọ rí dókítà tiwọn. Dókítà tiwọn ti rìnrìn àjò. Ó tún kọ̀wé ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní àwọn ti rí i, àwọn ń wò ó. Kí ni wọ́n ń wò? Ṣé bó ṣe máa kú ni?

Amatullah, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sílé.

“Ipò kẹtàléláàádọ́ta ni mo wà,” ni Tawheed sọ. “Ìdíje kan ló kù. Tí mo bá ti wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo dúró nìyẹn.”

“Bàbá Raliat, tẹ́ ẹ bá kú ńkọ́?”

“Ẹni tó bá kú ò wá àyè mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín. Amatullah ò rẹ́rìn-ín.

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn ló ń bá ọ kọ iye ìgbà tó o gbá bọ́ọ̀lù sórí káàdì. Tẹ́ ẹ bá parí, wàá yẹ̀ ẹ́ wò, wàá fọwọ́ sí i nínú àgọ́ àwọn olóyè ìdíje. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn, òfo ni gbogbo ohun tó o gbá. Boaz, ọmọ Aládùúrà láti Orílẹ̀-Òwu, ló kọ ti Tawheed lọ́jọ́ náà. Ìgbà mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ipò keje ló bọ́ sí nínú gbogbo wọn. Ó yọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú ihò kejìdínlógún, tó kẹ́yìn, ó bọ Boaz lọ́wọ́, ó kọrí sí àgọ́. Kò dé ibẹ̀ tó fi ṣubú.

Kò sí dókítà ní pápá. Kò sí ọkọ̀ aláìsàn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ Boaz ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Boaz sáré padà wọ àgọ́ lọ bá olóyè tó ń gba káàdì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú káàdì yìí tẹ̀lé e. Tó bá lajú, á fọwọ́ sí i.”

“Káàdì kì í jáde nínú àgọ́.”

“Ẹ̀yin ẹ mú un dání, sà, ká jọ lọ.”

“Ta ni yóò wá ṣọ́ àgọ́?”

“Ẹ dúró dè é nígbà náà.”

“Títí di ìgbà wo?”

Mo ti ka ìwé òfin wọn. Ó ní kí èèyàn dá káàdì padà kíákíá. Kò ka iṣẹ́jú. Àwọn olóyè ni wọ́n fún láṣẹ láti sọ ohun tí kíákíá jẹ́, ogún iṣẹ́jú sì ni wọ́n sọ pé ó jẹ́ fún ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Bó ti pé ni wọ́n ti àgọ́. Kò pé wákàtí kan tí Tawheed fi lajú ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé wá pé kó gbà kí wọ́n tọ́jú òun. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i, ó tún kọ déètì sí i. Ìwé náà wà lọ́wọ́ Amatullah. Mo ti rí i. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún lò láyé, ní ọsibítù, lẹ́yìn náà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pe Boaz lórí fóònù: “Ṣé wọ́n ti ń gbé káàdì bọ̀?” Boaz á ní wọ́n ti wà lọ́nà. “Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo parọ́ fún un,” ni Boaz sọ fún mi. Ta ló yẹ kó ru ẹ̀ṣẹ̀ irọ́ yẹn?

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ní Ìkirè, ọ́fíìsì rán ọkùnrin kan wá. Ó jókòó sórí àga iwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá Sàlámọ̀tù, ìyá Tawheed, tí wọ́n ń ta epo ní Àpòmù.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọmọ gbogbo wa ni.”

“Ẹ ṣé. Ipò kelòó ló ṣe?”

“Ẹ̀n?”

“Níbi tó ti ṣubú. Ipò kelòó lọmọ mi ṣe?”

“Màmá, ẹ rí i, òfin...”

“Mi ò bi yín ní òfin. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, Màmá.”

“Ẹ rí i tó parí?”

“Mo rí i.”

“Ẹni kelòó?”

Ọkùnrin náà ń wo ẹní tó wà nílẹ̀. Bàbá Sùlè ló bá a gbà á: “Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Tawheed. Wọn ò tíì fún un láṣẹ láti mọ nọ́ńbà.”

Àwọn kan ń bi mí pé kí ni òkú fẹ́ fi ipò keje ṣe. Òkú ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Raliat, ọmọ ọdún mẹ́fà, á dàgbà. Á wá orúkọ bàbá rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á rí “a yọ ọ́,” bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ṣe màgòmágó. Ta ni yóò wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún un?

Ìdánwò tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọgọ́rùn-ún èèyàn á tún wá du ogún àyè. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ gbé káàdì Tawheed Gàrúbà jáde, ẹ pa “a yọ ọ́” rẹ́, kẹ́ ẹ kọ ipò keje síbẹ̀. Ẹ sọ fún wa orí tábìlì ta ni lẹ́tà oṣù Kẹfà àti ti oṣù Kẹjọ sùn sí. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n ti àgọ́. Ẹ gbé dókítà àti ọkọ̀ lọ sí pápá yín kẹ́ ẹ tó gbé àsíá ìdíje lọ. Bí ẹ bá kọ̀, èmi, Boaz àti Amatullah á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ó ti rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìjókòó ò gba agbára.