Èrò Tí Ọnọ́rébù Kó Wá

Nígbà tí ọnọ́rébù tó ń ṣojú wa nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ tún ń wá ìbò wa, àwa obìnrin àdúgbò, nítòsí Ipokia, ní a ò ní jáde sí ìpàdé rẹ̀ àfi tó bá gbẹ́ kànga tó ti ṣèlérí. Ló bá lọ kó èrò wá láti òdìkejì bọ́dà. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wò wọ́n.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ẹ gbé káàdì yín sókè!”

Káàdì tí ìjọba Kútọnu fún wọn ni wọ́n gbé sókè.

Màmá àgbà kan pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pé, “Ọmọ mi, ṣé ilé aṣòfin Kútọnu lò ń lọ ni?”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn agbẹ́kànga dé. Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ mú ṣọ́bìrì, ó ń làágùn fún ẹni tó ń ya fọ́tò.