Ẹnu Mi àti Èjìká Ajubọ́ọ̀lù

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó pò mọ́ ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń yan lórí èédú, ni ó kọ́kọ́ máa ń pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà pápá béèsìbọ́ọ̀lù kan ní ẹ̀yìn ìlú Padova, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan tí omi rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ ṣàn. Bí o bá wá sún mọ́ àwọn àga onípákó tí òǹwòran ń jókòó lé, òórùn sìgá dúdú tí àwọn bàbá arúgbó ń mu yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń gé koríko kọjá lásìkò ooru, inú mi a kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni yóò wá bàjẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí èmi àti ìwọ jọ dé ilẹ̀ Ítálì yìí lásìkò kan náà ni, o sì mọ bí nǹkan ṣe rí fún wa nígbà náà, kí owó Yúróò tó dé.

Via Anelli ni mò ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìkirè, jọ háyà. Inú ìjọ ni a ti pàdé. Ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Èmi wà ní fabbrica kékeré kan tí a ti ń ṣe ẹsẹ̀ àga onírin. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, n ó ti irin bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò tẹ̀ ẹ́, n ó fà á jáde. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo lò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè mìíràn yàtọ̀ sí "Ṣé o ti parí?" Kì í ṣe pé wọ́n burú sí mi. Wọn kò kàn rò pé mo ní ohun kan láti sọ ni.

Capo wa, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí àwa tí a wà nídìí ẹ̀rọ, jẹ́ àgbàlagbà tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí bóyá mo mọ béèsìbọ́ọ̀lù. Mo ní rárá. Ó ní ìyàwó òun ti kú, ọmọ òun kò fẹ́ràn eré náà, ó sì ti sú òun láti máa dá jókòó wò ó. Báyìí ni ó ṣe fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ ní ọjọ́ kejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rí lójú mi bí ìgbà tí àwọn àgbàlagbà ń fi àkókò ṣòfò. Ọkùnrin gìrìpá mẹ́sàn-án dúró káàkiri pápá, wọ́n ń jẹ nǹkan lẹ́nu, wọ́n ń tutọ́, kò sí ẹni tó ń sáré. Ọ̀kan dúró lórí òkìtì kékeré láàárín, ó ju bọ́ọ̀lù; ẹlòmíràn tó di igi mú fẹ́ fi gbá a, kò bà á, ni gbogbo ènìyàn bá pàtẹ́wọ́. Mo bi capo pé kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí nígbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí kò ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ni eré.

Ó fi sùúrù kọ́ mi. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, mo ti ń rí ohun tí àwọn tí wọ́n bí sídìí eré náà kò rí. Lẹ́yìn ìdíje, a máa ń lọ jókòó ní bar kan tí kò jìnnà sí fabbrica wa. Níbẹ̀ ni mo ti sọ lọ́jọ́ kan pé ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kẹta, ìyẹn ibùdó kẹta tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sáré dé, ń dúró jìnnà jù sí ìlà, pé bọ́ọ̀lù yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn bàbá tó jókòó tì wá wo ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, a sì fìdí rẹmi. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní professore. Bí mo bá ti wọlé, ẹnì kan á fa àga fún mi, á ní kí ni professore rò. Ọ̀rẹ́ mi, o lè má mọ bí ó ti dùn tó, àfi bí o bá ti fi oṣù mẹ́jọ dákẹ́ nídìí ẹ̀rọ rí. Mo wá di ẹni tó ní èrò lórí ohun gbogbo: ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ mú igi, ẹni tí ọjọ́ orí ti dé bá ẹsẹ̀ rẹ̀, pé olùkọ́ni wa kì í tètè pààrọ̀ ènìyàn títí omi yóò fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lọ́dún yẹn ni ajubọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Láti erékùṣù kan ní òkun Karíbíà ni ẹgbẹ́ wa ti mú un wá. Ó ga, ó dúdú bíi tèmi, ó sì ní ẹ̀rín kan tí kì í jẹ́ kí o mọ ìgbà tí nǹkan ń dùn ún. Ilé tí ẹgbẹ́ háyà ni ó ń gbé. Àdéhùn iṣẹ́ tó ní pẹ̀lú wọn náà ni permesso rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú, dúró lé lórí. Kò pẹ́ tí a fi di ọ̀rẹ́. Ó ń sọ èdè Sípéènì, èmi ń sọ èdè Ítálì tí mo gbọ́ nídìí ẹ̀rọ, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Bí kò bá sí ìdíje ní ọjọ́ Àìkú, yóò wá bá wa ní Via Anelli lẹ́yìn ìsìn, yóò jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò, yóò ní bí ìyá òun ṣe ń sè é gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àbúrò ni wọ́n ń pè é, òun náà sì kọ́ bí a ṣe ń sọ "ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," tí ó ń tẹrí ba bí ọmọ ilé wa.

Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé wa dé ìdíje àṣekágbá, èyí tí ẹgbẹ́ wa kò dé láti ọdún pípẹ́. Àwọn tí a bá pàdé ti ìsàlẹ̀ odò Po wá, níbi tí wọ́n ti ń fi béèsìbọ́ọ̀lù tọ́ ọmọ. Ní ìdíje àkọ́kọ́, ajubọ́ọ̀lù wa mú wọn bí ẹni mú ewúrẹ́ so. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún gbé e dúró, fún ìdíje tí yóò parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí eré dé ìdajì, mo rí i pé bọ́ọ̀lù kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó mú igi sì ń fi sùúrù dúró dè é. Olùkọ́ni kò yọ ọ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ títí, ife sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo yípo lọ sí ẹ̀yìn yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, mo bá a níbi tó jókòó sí lórí ìdérí kòtò omi kan, ó di yìnyín mọ́ èjìká. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní láti oṣù keje ni iṣan èjìká òun ti ya, pé òun kò jẹ́ kí dókítà ẹgbẹ́ mọ̀.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní. "Bí mo bá sinmi ní gbogbo ìgbà òtútù, yóò san."

Mo ṣèlérí fún un. Mo tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́ wọ ẹ̀wù rẹ̀, nítorí ọwọ́ náà kò lè gòkè.

Bí ìgbà òtútù bá dé, tí eré dáwọ́ dúró, ohun tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fi ń gbé ọjọ́ ni mercato: ta ni a ó dá dúró, ta ni a ó jẹ́ kó lọ, ta ni a ó lọ mú wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, kùrukùru bo ìta débi pé a kò rí ọkọ̀ tí a gbé síwájú bar. Èmi, capo àti bàbá bíi mẹ́ta ni a jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn alákòóso ẹgbẹ́ wa náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin oníjígí kan tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo sọ tèmi bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn sí béèsì kẹta. Mo ní kì í ṣe ajubọ́ọ̀lù nìkan ló pàdánù, pé ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn èèyàn wa dúró sórí béèsì tí ẹni tó mú igi kò rí nǹkan gbá. Ọkùnrin oníjígí náà ń mi orí. Ó wá yí àga rẹ̀ sí mi, ó ní:

"Àti ajubọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́, professore? Ṣé kí a dá a dúró?"

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo lè mu kọfí mi. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti dákẹ́, wọ́n ń wò mí, mo sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀.

"Èjìká rẹ̀ ti ya," mo ní. "Láti oṣù keje ni. Ẹ wá ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì jù."

Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Capo fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Nínú kùrukùru yẹn ni mo fi ẹsẹ̀ rìn délé, ara mi sì fúyẹ́. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bí mo ṣe wọlé, bí wọ́n ṣe dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ mi. Ọbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń mú gbóná. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ta ló sọ fún ọ pé èjìká rẹ̀ ya?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ní kí o máa sọ ọ́ kiri?"

Wọ́n ní kí n lọ bá a lọ́jọ́ kejì, kí n jẹ́wọ́ fún un kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní màá lọ. Ọjọ́ kejì di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹta di ọ̀sẹ̀.

Òun ló wá bá mi. Ẹgbẹ́ ti pè é, wọ́n ní àwọn kò ní tún àdéhùn ṣe, kí ó kó kúrò nílé tó bá di ìparí ọdún. Ó ní dókítà ni, pé ó ní láti jẹ́ pé dókítà fura. Lórí ibùsùn mi ló jókòó sí tó ń sọ ọ́. Permesso rẹ̀ kò ní pẹ́ parí, bí kò bá sì ríṣẹ́ mìíràn, kò ní lè sọ ọ́ dọ̀tun. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá capo sọ̀rọ̀, bóyá àyè wà ní fabbrica wa. Ẹ̀gbọ́n wà nínú yàrá. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jáde lọ síta kí àwa méjèèjì lè ráyè. N kò jẹ́wọ́. Mo ní màá bá capo sọ ọ́, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti bá a wá iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Mo bẹ capo lótìítọ́. Ó fetí sí mi tán, ó sì dá mi lóhùn láìsí ìkà kankan nínú ohùn rẹ̀.

"Àyè wà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé èjìká rẹ̀ ti ya. Kí ni yóò fi máa gbé irin?"

Mo lọ sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò sí àyè.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Torino tó ń já ẹrù nínú ọjà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Èmi ni mo gbé àpótí rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀. A dúró síbi tí ọkọ̀ yóò ti gbé e. Nígbà tí wọ́n kéde ọkọ̀, ó dì mọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Nínú gbogbo wọn," ó ní, "ìwọ nìkan lo mọ̀, o kò sì sọ."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Àyè wà fún gbólóhùn kan. Mo ní kí ó máa lọ láyọ̀.

Ẹgbẹ́ wa rí ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì dára gan-an. A ṣe dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní bar, wọ́n ń sọ fún àlejò pé professore ló ti rí i ṣáájú. Bí mo bá ṣàṣìṣe ni, bóyá ì bá rọrùn fún mi, ǹ bá lè bú ara mi ní aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n èrò mi tọ̀nà, oúnjẹ ọ̀rẹ́ mi sì ti bá a lọ. Kò pẹ́ tí n kò fi lọ sí pápá mọ́. Capo béèrè ìdí rẹ̀, mo ní iṣẹ́ ìjọ ni. Ó ń dá lọ fúnra rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn náà sì ń dùn mí.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Torino, mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Mo wá ilé náà rí lẹ́yìn ọjà ńlá, mo gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá. Ìbátan rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní kò sí níbẹ̀ mọ́, pé ìwé rẹ̀ parí, pé ó ti gba Sípéènì lọ, òun kò sì mọ ibi tó wà níbẹ̀. Ó wá bi mí bóyá èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Padova, ó ní ó máa ń sọ̀rọ̀ mi. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n wọlé kí n mu omi. Mo ní mò ń kọjá lọ ni.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, n kò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ará Ítálì. Wọ́n béèrè èrò mi, mo sì fún wọn ní àṣírí ẹlòmíràn nítorí pé ó jọjú ju èrò lọ. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni mo fẹ́. Nínú ìjọ wa nísinsìnyí, bí wọ́n bá ń jíròrò ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n sì yíjú sí mi, mo máa ń ní n kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ń yìn mí pé ọlọ́gbọ́n àgbà ni mí, pé n kì í ṣe aláròká. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wí. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tí ì bá jàǹfààní nínú ìdákẹ́jẹ́ mi ti lọ, àti pé ó lọ pẹ̀lú ọpẹ́ fún mi lẹ́nu.