Ọjọ́ Tí Onílù Kọ Ẹ̀yìn Sí Mi Ní Ibo Road

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ gbọ́ orin pọ́nkì. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Àládùúrà wa ní Sabon Gari ní Kano, níbi tí mo ti ń darí orin láti ìgbà tí mo ṣì ń pọn àwọn ọmọ mi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé orin kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo mọ ibi tó yẹ kí orin ti bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló mú mi débẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, Kano ni wọ́n bí i sí, Kaka ló sì ń pè mí, bí àwọn ọmọ Hausa ti ń pe ìyá àgbà wọn. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Èmi a sì dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi tún un sọ ní Yorùbá. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Enugu Road ló dá ẹgbẹ́ olórin náà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń ta gìtá, ọmọ wa ń kọrin.

Ẹni kẹta wọn ni onílù. Inú ìjọ wa ló ti wá. Èmi ni mo fi ọ̀pá ìlù lé e lọ́wọ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ti di géńdé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí, òun náà ló sì ń lu ìlù òyìnbó fún wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ní ìjọ wa, bí ẹ̀mí bá gbé orin, àtẹ́wọ́ àti agogo a máa bo ohùn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ni mo fi ń bá onílù sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí ó máa wò mí. Bí mo bá ń sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó rọra. Bí mo bá pa àtẹ́lẹwọ́ dé, kí ìlù dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì ṣì í rí.

"Irú orin wo gan-an ni pọ́nkì?" mo bi ọmọ ọmọ mi.

"Kaka, orin kúkúrú ni. Ó máa ń yára, a sì máa ń kígbe rẹ̀. Ohun tó bá ń bí wa nínú la fi ń kọrin."

"Kí ló ń bí ẹ nínú, ìwọ tí o ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́?"

"Ẹ̀rọ omi."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbà fún un. Ẹ̀rọ omi tó wà nínú àgbàlá wa kò tíì yọ omi láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lọ́wọ́ mai ruwa, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì omi káàkiri, ni a ti ń rà á.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti lé wọn kí wọ́n tó rí obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní Ibo Road, tó ní gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màdáámù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó fún wọn ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, láti aago mẹ́rin sí márùn-ún, ó sì là á yé wọn: bí àwọn oníbàárà bá jókòó títí orin fi parí, kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá dìde jáde nítorí ariwo wọn, kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n má padà mọ́. Ọmọ ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun lọ́sẹ̀ yẹn. Bí Màdáámù bá lé wọn, kò sí ibòmíràn tó kù fún wọn ní Sabon Gari.

Aago mẹ́rin kù díẹ̀ nígbà tí mo dé. Àga rọ́bà tó wà níbẹ̀ kò ju ogún lọ. Àwọn kan ń jẹun, àwọn ọ̀dọ́ sì fara ti ògiri. Ọmọ ọmọ mi sáré wá bá mi.

"Kaka, ẹ wá jókòó lẹ́yìn. Ariwo á pọ̀ jù fún yín níwájú."

"Ìgbà wo lo rí mi tí mo jókòó lẹ́yìn?"

"Kaka, ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì o."

"Àgbà ni àgbà, níbikíbi tó bá wà." Mo gbé àga mi síwájú gan-an. Onílù rí mi, ó sì tẹrí ba láti ibi tó jókòó sí.

Orin àkọ́kọ́ lọ geere. Ariwo náà wọ inú egungun mi, ṣùgbọ́n ó létò. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nílé ń kígbe pé, "Ẹ̀rọ omi, dá mi lóhùn!" àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi Hausa dá a lóhùn pé, "Babu!" èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí.

Ní orin kejì, mo gbọ́ pé ìlù ń sáré ju gìtá lọ. Lójú tèmi, àṣìṣe ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi gòkè fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó rọra ni, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, mo pa àtẹ́lẹwọ́ dé.

Ìlù dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Gìtá ta ìró bíi mẹ́ta sí i, òun náà sì dákẹ́. Ọmọ ọmọ mi ti la ẹnu, kò sì rí ohun tí yóò kọ.

"Ṣé iná ti lọ ni?" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Iná wà o! Onílù ló lọ!" ẹlòmíràn fèsì, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Hausa àti Pijin ni wọ́n dà pọ̀, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá níhìn-ín.

"Kí ló ṣe ọ́?" ọmọ ọmọ mi bi onílù.

"Màmá ní kí n dákẹ́."

"Màmá wo?"

Kò jẹ́ fi ìka tọ́ka sí mi. Ojú ló fi tọ́ka.

Ọkùnrin méjì tó ń jẹun gbé àwo wọn, wọ́n jáde. Màdáámù yọjú pẹ̀lú ṣíbí gbọ̀ọ̀rọ̀ tó fi ń bu ọbẹ̀. Ó ní, "Méjì ti lọ o. Ó ku ẹyọ kan."

Mo dìde, mo kọjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ má bínú," mo wí fún wọn. "Ọmọ yìí kò ṣì í. Èmi ni mo dá a dúró, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró níbí."

"Malama, a ti gbọ́! Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré!" ọ̀dọ́ kan wí, ó ń fi Hausa pè mí ní olùkọ́.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù kò gbé ojú kúrò lára mi. Ó ń lù ú bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Obìnrin kan lẹ́bàá ògiri ti ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Mo rò ó pé kí n jáde, ṣùgbọ́n bí mo bá jáde, èmi ni yóò di ẹni kẹta. Bí mo bá sì lọ sẹ́yìn, gbọ̀ngàn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ibi tí kò ti ní rí mi. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

"Dúró ná," mo wí fún onílù. "Yí ìlù rẹ padà. Kọ ẹ̀yìn sí mi."

"Há, Màmá! Kí n kọ ẹ̀yìn sí yín? Wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Ta ló kọ́ ọ ní ìlù?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi náà ló ní kí o yí padà."

Ó jáde láti ẹ̀yìn ìlù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú mi. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Mẹ́rin nínú wọn bá a gbé ìlù, wọ́n yí i kọjú sí ògiri, obìnrin tó gbé báàgì náà sì sún mọ́ tòsí láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí onílù jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ orin kejì. Ìlù sáré ju gìtá lọ bíi ti àkọ́kọ́, gìtá sì ń lé e títí ó fi bá a. Nígbà tí wọ́n pàdé, ilé pariwo. Obìnrin náà ti gbé báàgì sílẹ̀.

Mo bi ọmọ ọmọ mi nígbà tí orin náà parí bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kaka. Oṣù méjì ló fi kọ́ bí yóò ṣe máa sá fún wa."

Ohun tí mo fẹ́ tún ṣe kò bàjẹ́ rárá. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, níwájú onílù.

Nígbà tí aago márùn-ún lù, kò sí ẹni kẹta tó tíì jáde. Màdáámù wo àga kọ̀ọ̀kan, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀, ẹ wá. Malama, ẹ̀yin náà, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi jókòó lé ọwọ́ yín." Ọmọ ọmọ mi gbá mi mọ́ra, òógùn rẹ̀ sì rẹ aṣọ mi.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ọmọ ń wo ojú yín kí ó tó gbé ẹsẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n lára tèmi. Ẹ kọ́ ọmọ dáadáa, kí ó mọ iṣẹ́, kí ó sì mọ ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ibi tí iṣẹ́ ti di tirẹ̀, ẹ má dúró kí ó máa wá àyè láti dá a ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi ẹnu ara yín yọ̀ǹda àyè náà fún un.