Ẹlẹ́rìí Méjì àti Kọ̀ǹpútà Igun Ilé

Òórùn bísíkíìtì ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti ń rọ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀nà iléeṣẹ́ wa ní Ìkẹjà, á gbé òórùn ṣúgà àti bọ́tà dání. Bó bá yí padà sí ọ̀nà Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, òórùn awọ màlúù tí wọ́n ń sun ló máa ń gbé dé, kò sì sí ẹni tí bísíkíìtì máa ń wù jẹ mọ́. Ìsọ̀ kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní Ọgbà, láàárín òórùn méjèèjì. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, gbogbo wa sì ń wo ara wa bí ẹni tí wọ́n ti jí nǹkan rẹ̀ rí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ti tò sórí ìlà nínú oòrùn, tí a dìbò, tí àwọn ológun sì ní àwọn ti fagi lé e, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni kọ iye kan síwájú wa kí a gbà á gbọ́, àfi bó bá ṣojú wa.

Ní tèmi, ìfura gan-an ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ọjà wò kó tó jáde: kí n gbé páálí bísíkíìtì sórí ìwọ̀n, kí n já ọ̀kan, kí n tọ́ ọ wò, kí n sì wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, kì í rọrùn fún un láti bọ́ ìfura sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ìyàwó mi máa ń sọ títí dòní pé bí òun bá ní ọjà lòun ń lọ, bàtà ẹsẹ̀ òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ìyá tó ni ìsọ̀ náà jẹ́ tísà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, ará ìjọ aláṣọ funfun. Màmá Tísà là ń pè wọ́n. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni wọ́n ní: mẹ́ta tuntun tó wà láàárín ilé, àti ọ̀kan tó ti gbó tó wà ní igun, lẹ́bàá tábìlì tí ọmọ wọn obìnrin máa ń jókòó sí láti gbowó. Láàárọ̀, lẹ́tà ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àwa òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀ láti iléeṣẹ́, géèmù la máa ń gbá. Ẹnìkan láti ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ló bá wọn fi í síbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú àpótí gàgàrà nígbà kan, tí èèyàn máa ń ju kọ́ìnì sí nínú kó tó ṣeé gbá. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tó ń yìnbọn fún òkúta tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bí òkúta kan bá bà á, ó parí.

Màmá Tísà kò lè rí ibi tí wọ́n ti ń gba máàkì kí wọ́n má dá sí i. Wọ́n gbé pátákó dúdú kọ́ ara ògiri, wọ́n sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ wa sí i, ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù lókè, bí èsì ìdánwò. Wọn kì í kọ máàkì kankan láìsí ẹlẹ́rìí méjì tó rí i lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní bí Bíbélì ṣe wí nìyẹn. Bọ́tìnnì kan sì wà tó jẹ́ pé téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, géèmù náà á rántí ibi tó dé, tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì bú, á kàn padà síbẹ̀ bí ẹni tí kò kú rí. Ọ̀bẹ ni Màmá Tísà fi yọ bọ́tìnnì náà kúrò lára gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní, “Ẹní bá kú, kó kú. Àjíǹde ò sí ní ìsọ̀ yìí o.” Wọn kì í sì í jẹ́ kí a ṣí ohùn géèmù sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń tẹ lẹ́tà.

Orúkọ mi ló wà lókè pátákó fún ìgbà pípẹ́, kí ọ̀rẹ́ mi kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi débẹ̀. Iléeṣẹ́ kan náà la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kúkúrú tó máa ń ti irin méjì bọ abẹ́ ẹrù tí á sì gbé e sókè. Ọmọ Oǹdó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dé, kọ̀ǹpútà igun ilé ló ń lọ jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà náà ti ṣókùnkùn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí. Ọmọ Màmá Tísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ohun tó kù ni kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ Màmá Tísà.

Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn tí ọ̀rẹ́ mi gba máàkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi. Ọmọbìnrin náà ni ẹlẹ́rìí kan; ẹlẹ́rìí kejì ni télọ̀ ìsọ̀ kejì, tó wá tẹ lẹ́tà, tó sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ìparí rẹ̀ nìkan lòun rí. Màmá Tísà kọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò dúró lára ṣọ́ọ̀kì; ara ọmọ wọn ló wà.

Ó bí mi nínú, n kò ní purọ́. Mo lọ sí igun náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí mo ṣe máa ń wo páálí, mo sì rí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Mo tì í bọ ihò tí bọ́tìnnì tí wọ́n yọ yẹn fi sílẹ̀. Ó wọlé wẹ́kú, èèyàn lè fi í tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ ihò náà. N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo kàn gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ náà sókè kí gbogbo èèyàn rí i.

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Mo fi ń tayín ni. Ẹran kántíìnì wa le, ìwọ náà mọ̀.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń pariwo, “Òjóró! Òjóró!” kó tó sọ ọ́ tán. Màmá Tísà kọjú sí ọmọ wọn.

“Ṣé ojú rẹ ló ṣe?”

“Ojú mi ló ṣe, Màmá.”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

Màmá Tísà ní kò burú, kí ọ̀rẹ́ mi wá tún un gbá lọ́sàn-án Sátidé, láàárín ilé, lójú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ náà pé, ilé kún. Wọ́n fi ọ̀rẹ́ mi sí ìdí kọ̀ǹpútà tuntun kan, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kò rí nǹkan kan ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi máa lọ sọ́tùn-ún, òkúta ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, kò gba ìdajì tèmi. Màmá Tísà mú dọ́sítà, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì sọ fún un pé kí àwọn ẹbí rẹ̀ má wulẹ̀ dààmú ara wọn mọ́. Wọ́n wá wo ọmọ wọn. “Ẹni tó bá lè jẹ́rìí èké nítorí ọkùnrin, kí ló kù tí kò ní ṣe?” Láti ọjọ́ náà ni ìyá àti ọmọ kò ti bára wọn sọ ju ọ̀rọ̀ owó àti ìwé títẹ̀ lọ.

Orúkọ mi padà sókè pátákó. Mo gbádùn rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́, èèyàn ti gba àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tán, mo bá lọ jókòó sí igun, níbi tí n kò ti gbá géèmù rí. Ọmọbìnrin náà kò wo ojú mi. Ojú tirẹ̀ ti wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, nǹkan sì ń dùn. Òkúta ń já bí ewé gbígbẹ. Mo ń rí èyí tó ń bọ̀, mo ń ráyè yẹra fún un, mo tún ń ráyè yìnbọn fún òmíràn. Mo kọjá máàkì mi, mo kọjá tọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin méjì ti dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń ké, “Ọwọ́ rẹ dá o!” Ẹlẹ́rìí méjì pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n pe Màmá Tísà. Màmá Tísà mú ṣọ́ọ̀kì.

Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan. Ìwọ̀n kan wà ní iléeṣẹ́ wa nígbà náà. Páálí tí kò kún á kún lórí rẹ̀. Bí o bá gbé páálí kan náà sórí ìwọ̀n kejì, àbùkù rẹ̀ á hàn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn jù ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

Mo ní, “Màmá, ẹ má tíì kọ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Èyí kì í ṣe ọwọ́ mi.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣí ohùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká tan géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà igun àti lórí tuntun kan nígbà kan náà. Wọ́n gbà. Orin kékeré kan ló máa ń bẹ̀rẹ̀ eré yẹn, a kò sì gbọ́ ọ rí ní ìsọ̀ náà. Ti kọ̀ǹpútà tuntun yára, ó ń ta pọ́ún pọ́ún. Ti igun ń wọ́, bí ẹni tó ń tòògbé kọrin ní ìsìn àárọ̀. Tuntun kọ tirẹ̀ tán, ó dákẹ́. Gbogbo wa dúró, a ń gbọ́ bí ti igun ṣe ń fa ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà yẹn ti gbó, agbára rẹ̀ kò gbé géèmù náà, ìdí nìyẹn tí òkúta fi ń falẹ̀ já. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ibòmíràn ju ibẹ̀ lọ. Kò sí òjóró kankan; ẹyọ ìgbálẹ̀ sì jẹ́ ìtayín.

Màmá Tísà jókòó. Ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ wọn ti kun ìró wọn funfun. Wọ́n pe ọmọ wọn lórúkọ, lójú gbogbo wa.

“Má bínú. Ojú rẹ ló ṣe lóòótọ́. Òṣùwọ̀n mi ni kò pé.”

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Èmi náà yíjú sí ògiri, torí mi ò rí ìyá ọmọ Èkìtì tó bẹ ọmọ rẹ̀ ní gbangba bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ kejì. Màmá Tísà fẹ́ kọ máàkì rẹ̀ padà. Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́, Màmá. Èmi náà ò mọ iye tí mo gbà mọ́.” Ó ní kí wọ́n kọ èyí tó gbà lọ́jọ́ Sátidé sí i, èyí tí kò tó ìdajì tèmi. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì bi í pé ìgbà wo ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ni ó ti dá mi dúró. “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Àná.”

“Àná tí o kọjá tèmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí mo ṣe máa ń wo páálí. Ó ní, “Ó dáa.” Mo mọ “ó dáa” yẹn. Èmi ni mo rí ìgbálẹ̀, èmi ni mo jàǹfààní rẹ̀, èmi náà ni mo tún wá tú àṣírí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà á fura pé ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pè wá jẹ́rìí ohun tó wà nínú mi?

Wọ́n ṣègbéyàwó. A kò jà rí, ọ̀rẹ́ ṣì ni wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín wa bí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí wọn nílé wọn ní Òmọ́lẹ̀. Ọmọ wọn àbíkẹ́yìn sáré gbé fóònù wá bá mi, ó ní òun ti gba máàkì tí ẹnikẹ́ni nílé ìwé àwọn kò gbà rí, ṣùgbọ́n fóònù ti kú kí òun tó fi han ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi ti là láti bi í pé ta ló wà níbẹ̀. Mo rí bàbá rẹ̀ tó ń wò mí.

Mo gbé ìbéèrè náà mì. Mo ní, “O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Mo gbà ọ́ gbọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, ó ní kí ìyàwó òun bu oúnjẹ wá.