Irun Sofiyullah àti Orin Ìgbín

Inú ń bí mi o, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn kan ní Ìlọrà fi Sofiyullah, ọmọ Fàsílátù, ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n tún wá gba ọpẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ lè bá mi bínú.

Sofiyullah Àbọ̀dé, ọmọ Fìdítì ni. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni bàbá ẹ̀, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì lọmọ yẹn ti kọ́ gìtá béèsì, èyí tó ní wáyà mẹ́rin, tó máa ń dún gbùm-gbùm bí ẹni ń gún iyán lábẹ́ ilẹ̀. Níbo ni kó ti kọ́ ọ? Ṣé mọ́ṣáláṣí ní béèsì ni? Èmi ni mò ń lu dúrọ́ọ̀mù níbẹ̀, èmi ni mo mú un wọlé. Bàbá ẹ̀ rò pé lẹ́sìnnì ìṣirò ló ń lọ. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ orin náà tán pátápátá, ó ní:

"Sofi, ṣé o ti di kiriyó ni?"

"Rárá o, Bàbá. Torí gìtá nìkan ni mo ṣe wá."

"Ó dáa. Tó o bá ṣe tán, wá bá mi kó ọsàn."

Ó tán. Ọkùnrin gidi ni bàbá yẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Nígbà tí Sofi dàgbà, ó lọ bá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Ìbàdàn. Ẹ ò mọ rọ́ọ̀kì? Ẹ fojú inú wo ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò ẹ̀, tó wá rí máíkì níwájú. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Sofi ní tiẹ̀ máa ń dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, á máa fi béèsì dè wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà fò lọ. Ibẹ̀ ló ti dá irun sí, irun náà ta kókó, ó bò ó léjìká. Tó bá wálé, àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo: "Sofi! Ẹyẹ wo ló kọ́lé sórí ẹ?"

Á ní, "Ẹ̀gà ni. Ẹ rọra kọjá o, kó má ṣu sí yín lórí."

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dé ìdí orin ọmọdé? Bàrákátù, àbúrò ẹ̀ obìnrin, ló ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan ní Ìlọrà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé sáà tuntun, gbogbo ọmọ ń sunkún ìyá wọn, bí ọ̀kan bá dákẹ́, òmíràn á gbà á. Sofi wà níbẹ̀, ó ń bá wọn tún wáyà iná ṣe. Nígbà tí ariwo náà sú u, ó yọ béèsì nínú àpò, ó so ó mọ́ sípíkà, ó tẹ wáyà tó nípọn jù: gbùùùm. Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kan, Tahirah, lọ gbé ikùn lé sípíkà, ó ní, "Ó ń sáré nínú ikùn mi!" Gbogbo wọn bá tò síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣe orin fún wọn. Orin ìgbín ló lókìkí jù. Àwọn ọmọ á bèèrè, "Ìgbín, níbo lò ń lọ?" Béèsì ló máa dáhùn, gbùm… gbùm… gbùm, bí ìgbín ṣe ń wọ́ra nílẹ̀. Tó bá dáhùn tán ni wọ́n á ké, "Ìlú Àwẹ́ ló ń lọ, ọdún tó ń bọ̀ ló máa dé!" Láti Ìlọrà dé Fìdítì, kò sọ́mọ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ayẹyẹ ìparí ọdún wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Sofi ló yẹ kó lu béèsì fún wọn, ó sì ń retí ọjọ́ yẹn ju òde Ìbàdàn èyíkéyìí lọ, torí àwọn ará ilé ò tíì jókòó gbọ́ ọ rí. Ìgbà yẹn ni Ezekiel yọjú. Alága ẹgbẹ́ òbí ni, páànù ló ń tà, bíi páànù lẹnu ẹ̀ náà sì ń dún. Ó ní kí Sofi gé irun kó tó dúró níwájú ọmọ òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn òbí á kó ọmọ wọn lọ. Ẹ̀rù ba Bàrákátù, ó bá purọ́:

"Alága, irun yẹn kì í ṣe fáàrí o. Dàda ni wọ́n bí i."

Alága pẹ̀yìn dà. Ta ló fẹ́ ní kí wọ́n gé irun dàda? Àti kiriyó àti ìmàle, gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fi ìyẹn ṣeré. Ìyá kan tiẹ̀ gbé ẹ̀wà wá fún Dàda. Sofi jẹ ẹ́, ó tún bèèrè epo sí i.

Àmọ́ Ezekiel ò gbà. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé òbí, ó kọjú sí Fàsílátù, ìyá Sofi àti Bàrákátù, tó wà níbẹ̀. "Alájà, ẹ dákun, ṣé dàda lẹ bí Sofiyullah?"

Bàrákátù ń ṣẹ́jú sí ìyá ẹ̀ bíi gílóòbù tó fẹ́ jó.

"Dàda kẹ̀?" Alájà ní. "Orí ẹ̀ dán bí ẹyin. Ìyá mi rò pé irun ò ní hù níbẹ̀ láéláé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ezekiel ní, "Ẹ ti gbọ́!" Wọ́n bá pinnu pé orin ìgbín tí àwọn ti gbà sínú fóònù làwọn máa tàn lọ́jọ́ náà, kí Sofi fúnra ẹ̀ jókòó sílé. Ẹ gbọ́ mi o: wọ́n fẹ́ ọwọ́ ẹ̀, wọn ò fẹ́ orí tó ń darí ọwọ́.

Sofi ò gé irun. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ó gbé béèsì ẹ̀ wá, èmi àti ẹ̀ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò níta géètì. Kò pẹ́ tí Alájà fi àga iwájú tí wọ́n fún un sílẹ̀, ó wá bá wa.

"Màmá, irọ́ kékeré yẹn náà lẹ ò lè bá mi pa?" Sofi ní.

"Torí irun? Ká ní o pààyàn ni, mi ò bá rò ó."

Sofi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀ ò kúrò lára géètì.

Nígbà tó kan orin ìgbín nínú ọgbà, wọ́n gbé máíkì sẹ́nu fóònù. Ẹni tó mọ béèsì mọ̀ pé ohùn tó nípọn yẹn ò lè gba inú fóònù jáde, tín-ín-tín tó kù á kàn máa dún bí ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ bèèrè, "Ìgbín, níbo lò ń lọ?" Wọn ò gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n tún bèèrè. Ọmọ Ezekiel gan-an ló figbe bọnu: "Ìgbín ti kú!" Àwọn tó kù bá a bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ezekiel ń gbá fóònù mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń gbọn iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Bàrákátù sáré jáde, gèlè ń já bọ́ lórí ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

"Mi ò tíì gé irun o."

"Ta ló ń bèèrè irun? Ẹ wọlé!"

Ó wọlé tirun-tirun. Gbùm. Ìgbín jí. Àwọn ọmọ ń fò, àwọn ìyá dìde, àwọn ọlọ́kadà gun orí fẹ́ǹsì láti wòran.

Orin tán, Ezekiel gba máíkì. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí tó ṣètò orin aládùn yìí." Kò dárúkọ ẹnì kankan. Mo ní kí n já máíkì gbà, Alájà dì mí láṣọ mú. Sofi ń ká wáyà ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ mi."

Òun ló fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ò fi sílẹ̀ o. Sofiyullah Àbọ̀dé ló ṣe orin yẹn. Kí Ezekiel wá bi mí.