Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dé Orí

Ọdún kejìlélógún rèé tí Adéfúnkẹ́ Ọláyíwọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní báyọ́lọ́jì ní Ìjàn-Èkìtì. Láàárọ̀, á wọkọ̀ láti Òkè-Ìlá ní Adó, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí. Lọ́sàn-án, á padà wálé. Nínú gbogbo ohun tó ń kọ́ wọn, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n kọ́ tó ògóóró ẹ̀yìn. Kì í wòwé kó tó ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó: àwọn eegun kéékèèké tó jókòó léra wọn láti ọrùn dé ìdí, ihò tó la àárín wọn já, àti okùn funfun tó gba inú ihò náà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ.

“Okùn yẹn ò nípọn ju ọmọ-ìka yín tó kéré jù lọ,” ni yóò wí. “Gígùn rẹ̀ ò ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka lọ. Àmọ́ òun ni iṣẹ́ tí orí bá rán ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, òun náà ni ìròyìn tí ẹsẹ̀ bá ní fún orí ń gbà padà. Bó bá já, ó parí.”

Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi yege ìdánwò.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún, Ayọ̀rìndé ọkọ rẹ̀ gun orí irin gíga tí wọ́n gbé táǹkì omi wọn lé, ó fẹ́ fọ inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ẹni tí kì í lè rí ìdọ̀tí kó gbójú fò ó. Adéfúnkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ “gbì!” bí ẹni ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Ó sáré yọ síta. Ọkọ rẹ̀ nà gbalaja lórí kọnkéré, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

“Màmá Ìyìn,” ó pè é, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n, “ẹsẹ̀ mi dà?”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìyẹn níwájú rẹ̀, bàtà ṣì wà lọ́kan.

Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Bàbá àgbà kan tó ti fìgbà kan wakọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní, “Ẹ má tíì gbé wọn o. Ẹ jẹ́ ká wá pákó.”

“Pákó kí ni?” Adéfúnkẹ́ fi igbe ta. “Ẹ gbé wọn! Ẹ gbé wọn kíákíá!”

Òun fúnra rẹ̀ ló di orúnkún ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú, àwọn yòókù di apá mú, wọ́n sì ká a sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni ká ẹní.

Ní ọsibítù, dókítà kan tó ń jẹ́ Olúwarótìmí fi abẹ́rẹ́ gún Ayọ̀rìndé láti àyà sísàlẹ̀. Nígbà tó kọjá òkè ìdodo díẹ̀, Ayọ̀rìndé ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Dókítà yíjú sí ìyàwó.

“Báwo lẹ ṣe gbé wọn wá, Mà?”

Ìgbà náà ni Adéfúnkẹ́ rántí. Ẹni tó bá já láti òkè, ẹ má ká a, ẹ má yí i lọ́rùn, pákó tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ fi gbé e. Òun ló ń kọ ọ́ sójú pátákó lọ́dọọdún. Ó ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò rí.

“Mo ká wọn,” ó sọ níkẹyìn. “Èmi ni mo ká wọn.”

Dókítà mú àwòrán ẹ̀yìn Ayọ̀rìndé jáde. Eegun kan láàárín ẹ̀yìn ti rún, ó sì ti tẹ okùn inú rẹ̀ pa. “Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ìṣubú ló ṣe é tàbí gbígbé,” ó ní. “Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹlẹ̀.” Adéfúnkẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ọmọ́bọ́láńlé, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀rìndé, kó àwọn ìyá ìjọ wá. Ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ni èékánná rẹ̀ bá họ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti kú sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá fà sẹ́yìn wìì, orúnkún ká sókè.

“Uṣẹ́ Olúwa rè é o!” Ọmọ́bọ́láńlé figbe bọnu. Àwọn ìyá ń jó, àwọn nọ́ọ̀sì yọjú. Adéfúnkẹ́ nìkan ló dúró gbagidi, fúláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó rí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ojú Ayọ̀rìndé ń dán. “Ṣé o rí i? Àmọ́ ó yà mí lẹ́nu. N kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó gbéra. Ṣé èmi ni mo gbé e?”

Ì bá purọ́. Kò lè purọ́. “Rárá, Bàbá Ìyìn. Ẹ̀yin kọ́.”

“Ta wá ni?”

“Okùn inú ẹ̀yìn yín ni. Bí nǹkan bá họ ẹsẹ̀, ìròyìn á sáré wọnú okùn yẹn, okùn á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Bó ṣe rí lára gbogbo wa nìyẹn tá a bá tẹ ẹ̀yinná mọ́lẹ̀. Tiyín, ìsàlẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ máa gbà dé orí mọ́.”

Ayọ̀rìndé fa aṣọ borí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n darí wálé, Ayọ̀rìndé lórí àga onítáyà. Nígbà tó yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sísàlẹ̀. Adéfúnkẹ́ náà padà sí Ìjàn, ó sì tún kan ẹ̀kọ́ ògóóró ẹ̀yìn. Ó kọ́ ọ dé ìdajì, kò sunkún. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan, Ìdùnnúolúwa, nawọ́ sókè.

“Mà, ibi téèyàn ò ti mọ nǹkan lára mọ́ yẹn, ṣé ó lè máa dùn ún?”

“Rárá,” ó dáhùn kíá. “Báwo ló ṣe máa dùn ún, nígbà tí ọ̀rọ̀ ò dé orí?”

Àmọ́ nínú ọkọ̀, bó ṣe ń bọ̀ ní Adó, ìbéèrè náà ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Kò bi ọkọ rẹ̀ rí.

Ayọ̀rìndé ń bó ọsàn nígbà tó wọlé. “Bàbá Ìyìn, ẹsẹ̀ yín, ṣé ó máa ń dùn yín?”

Ọ̀bẹ dúró. “Ó ń dùn mí. Bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tó ń hó. Látìgbà tá a ti wà ní ọsibítù.”

“Oṣù méje! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

“Ìwọ lo sọ pé ọ̀rọ̀ ò lè dé orí mọ́. Mo rò pé orí mi ló ń dà rú.”

Adéfúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

Kò ya Dókítà Olúwarótìmí lẹ́nu nígbà tí wọ́n lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Ó ní bó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí okùn ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ nìyẹn, pé orí tí kò gbọ́ ìròyìn kankan mọ́ láti ìsàlẹ̀ àti iṣan tó fara pa lè dá ìrora sílẹ̀ fúnra wọn. “Ìrora gidi ni, Mà. Oògùn wà.” Oògùn náà gbé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò gbé gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, kí Adéfúnkẹ́ tó ya ohunkóhun sójú pátákó, ó ní káwọn ọmọ ṣí ìwé wọn. Ó ní èsì tí òun fún Ìdùnnúolúwa kì í ṣòótọ́, kí wọ́n fa ìlà lé e.

“Mà, inú ìwé wo lẹ ti rí i?” Ìdùnnúolúwa bi í.

“Kì í ṣe inú ìwé,” ni Adéfúnkẹ́ wí. “Ọkọ mi ló sọ fún mi.”