Omi Híhó Lórí Gíláàsì Ọkọ̀

Tí mo bá gbọ́ tí áìsì ń sán nínú ife, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Houston ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Yìnyín ti bo títì. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Baytown.

"Afárá ń yọ̀. Má lọ," ni Bàbá mi wí.

"Ta ni kó wá tọ́jú àwọn aláìsàn?"

Bàbá gbé kẹ́tùlù jáde, wọ́n da omi híhó sórí gíláàsì iwájú ọkọ̀ Màmá, tí yìnyín ti bò. Gíláàsì náà sán pàù, ó là káàkiri.

"Kí lẹ ṣe yìí?" Màmá bú sẹ́kún.

Àǹtí Bísí, tí àwọn àti Màmá jọ ń ṣiṣẹ́, dá wakọ̀ tiwọn lọ. Ìgbà tó yá, fóònù dún: ọkọ̀ wọn ti yọ̀ já bọ́ lórí afárá, wọ́n ti kú.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé Bàbá mọ̀ pé gíláàsì náà á là.

Lẹ́yìn ìpè yẹn lọ́jọ́ náà, Màmá lọ jókòó sínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ là, Bàbá sì dúró ti ilẹ̀kùn rẹ̀, òtútù ń mú wọn.